Ohun tí Ehoro Ń Wí Nígbà tí Ó Bá Ń Mi Kéèjì

Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sin ehoro nínú ilé tí èrò pọ̀ sí kò ní pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ó dá lórí ariwo tí ehoro máa ń fi kéèjì rẹ̀ pa ní òru àti ní ìdájí. Kí ni ń fà á? Kí sì ni ó yẹ kí ẹni tí ó ni ín ṣe sí i?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ya ehoro méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ehoro tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ ní pápá kì í gbẹ́ ihò. Inú koríko ni ó ń ba sí, ibẹ̀ ni ó ti ń bímọ, ojú ọmọ rẹ̀ ti là, irun sì ti wà lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó dé ayé. Èyí tí à ń sìn nínú kéèjì, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní rábíìtì, ẹ̀yà mìíràn ni. Ilẹ̀ Sípéènì àti ilẹ̀ Pọtogí ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé bí òkété. Wọ́n á gbẹ́ ihò tí ó ní ọ̀nà púpọ̀, wọ́n á sì pọ̀ sínú rẹ̀ bí ará agbo ilé kan. Ìhòòhò ni ọmọ wọn ń wá sáyé, ojú rẹ̀ á sì dì títí di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ihò yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Ẹranko tí a dá láti máa gbẹ́lẹ̀, tí a wá gbé ka orí wáyà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní yé wá ohun tí yóò gbẹ́.

Ìgándò ni èmi ń gbé. Gbogbo ẹni tí ó mọ Alímọ̀ṣọ́ ni ó mọ̀ pé ènìyàn kún ibẹ̀: nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, 1,277,714 ni iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ náà, a sì ti pọ̀ sí i gan-an láti ìgbà náà. Ilé wa jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni ó la àárín. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ ní yàrá kìíní, ẹni tí ó wà ní yàrá kẹjọ lè kí i pé ó kú àìsàn. Irú ilé báyìí ni mo gbé ehoro méjì wọ̀, akọ kan, abo kan, nítorí àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí. Káfíńtà kan ní Ìkòtún ni ó bá mi kan kéèjì oníyàrá méjì, pákó ní ẹ̀gbẹ́, wáyà níwájú àti nísàlẹ̀. A gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ní tòsí fèrèsé ìyá kan tí ń din àkàrà tà ní ẹnu ọ̀nà wa.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, a gbọ́ tí wáyà ń dún woroworo. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde. Akọ ehoro ni ó fi eyín di wáyà ilẹ̀kùn mú, tí ó ń fà á síwá sẹ́yìn títí tí ìkọ́ ilẹ̀kùn fi ń jó. Mo já ewé ọ̀dùnkún díẹ̀ fún un, ó sì dákẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti gbọ́n. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣe é, mo tún fún un. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò dúró de aago mẹ́rin àbọ̀ mọ́, aago mẹ́ta ni ó ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá alákàrà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú o. Ẹran yín yìí ń mi ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá tí ó wá kó ènìyàn. Oorun wákàtí mẹ́rin náà ni mo ní, òun ni wọ́n sì ń jí gbé yìí.” Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí Bàbá onílé. Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí i, tàbí kí n fi se ọbẹ̀.

Ìtìjú mú mi, ìbínú sì tẹ̀ lé e. Ní òru ọjọ́ náà mo mú igi ìgbálẹ̀, mo sì lu orí kéèjì gbà! Ehoro náà sá lọ sí kọ̀rọ̀, ó fẹ̀yìn ti pákó, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ní òru kejì ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan tí ó ti sin ehoro rí gbà mí níyànjú pé kí n má dá a lóhùn rárá, kí n di etí mi, pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́ yóò dákẹ́. Ìmọ̀ràn náà dára dé ibì kan, ṣùgbọ́n mi ò béèrè ibi tí ó dé.

Mo di etí mi. Ní òru kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, ariwo tí mo gbọ́ kò dà bí ti àtẹ̀yìnwá. Kì í ṣe wáyà ilẹ̀kùn ni ó ń dún. Èékánná ni, tí ó ń ha pákó ní kọ̀rọ̀, tí ó ń dúró díẹ̀ tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ abo ni ó sì ti ń wá. Mo yí orí padà lórí ìrọ̀rí, mo ní wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní òwúrọ̀, ọmọbìnrin mi ni ó kọ́kọ́ dé ìdí kéèjì. Ọmọ méje ni abo náà bí sórí wáyà lásán, láìsí koríko, láìsí àpótí. Mẹ́rin wà lókè, mẹ́ta ti jábọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ti tutù. Mo ti kó akọ àti abo pọ̀ fún ọjọ́ kan ní oṣù tí ó ṣáájú, mo sì ti gbàgbé pátápátá. Ọmọ mi kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, “Bàbá mi, ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

Mo gbọ́ ọ. Ohun tí ó wí ni mi ò mọ̀.

Ọjọ́ náà ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ọjà Ìkòtún, tí mo sì ń kọ gbogbo ariwo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago tí ó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ń ṣe é nínú àwọn méjèèjì, eyín ni tàbí èékánná tàbí ẹsẹ̀, ohun tí ó wà nínú abọ́, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká. Mo tún ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, mo sì ń bi àwọn dókítà ẹran léèrè. Ohun tí mo rí nìyí.

Èkíní ni aago. Ehoro kì í ṣe ẹran ọ̀sán gangan, kì í sì ṣe ẹran òru gangan. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni ìgbà tirẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì pọ̀ tó kí àṣá fi rí i dáadáa. Ìgbà náà ni àwọn ará ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Sípéènì ń jáde kúrò nínú ihò láti jẹ koríko. Ní ọdún 1995 àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gunn àti Morton, kọ nípa àwọn ehoro tí a há mọ́ kéèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Jíjẹ wáyà àti híha kéèjì wà lára ohun tí wọ́n rí, òru ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bínú pé ehoro jí ní aago márùn-ún dà bí ẹni tí ó ń bá àkùkọ jà. Jíjí náà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó jí bá ni kí a wò.

Ohun tí ehoro tèmi ń jí bá ni abọ́ òfìfo. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí òun ni ó pọ̀ jù ní Ẹgbẹ́dá àti Ìdìmù àti gbogbo àdúgbò wa. Púpọ̀ nínú wa a máa da fíìdì tí a rà fún ehoro ní aago mẹ́fà àṣálẹ́, a ó sì lọ sùn. Fíìdì náà kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n a kò dá ikùn ehoro láti jẹun kí ó sì sinmi bí ti ènìyàn. Koríko ni a dá a fún, koríko tí kò ní agbára púpọ̀, tí yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí nǹkan kò bá rìn nínú ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ikùn náà lè dúró pátápátá, ehoro á sì kú. Ó tilẹ̀ ní irú ìgbẹ́ rírọ̀ kan tí ó ń fi ẹnu gbà láti ìdí ara rẹ̀ tí ó sì tún ń gbé mì, kí ohun tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, oúnjẹ ni fún un.

Eyín rẹ̀ náà ń kọ́? Eyín ehoro kì í dáwọ́ dúró láti máa hù. Eyín iwájú ń gùn ní nǹkan bí mìlímítà méjì lọ́sẹ̀ kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ́dún. Koríko ni ó ń lọ̀ ọ́ kù. Bí kò bá sí koríko, wáyà ni yóò rí, wáyà sì máa ń sọ eyín di wíwọ́, títí tí ẹnu kò fi ní lè pàdé mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń fi koríko gbígbẹ kún inú kéèjì ní alẹ́, tí ó pọ̀ tó bí ara ehoro fúnra rẹ̀, ariwo aago mẹ́ta dínkù ju ìlàjì lọ.

Ewé kò wọ́n wa. Yúnyun wà ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà tí a kò tíì da kọnkéré lé, yánrin wà, ewé ọ̀dùnkún sì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ro oko kékeré lẹ́bàá omi. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ibi tí ọkọ̀ ti ń da èéfín sí i, àti ibi tí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò. Ẹ má fún un ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Oró wà nínú rẹ̀. Ẹ rọra máa yí oúnjẹ padà, nítorí ìyípadà òjijì a máa dá ìgbẹ́ gbuuru sí i lára.

Omi kò gùn lẹ́nu. Ẹ fi ìka tẹ ẹnu ìgò omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgò lè kún kí ẹnu rẹ̀ sì dí. Ehoro kì í làágùn, etí rẹ̀ ni ó fi ń tú ooru jáde. Lábẹ́ páànù wa ní oṣù kẹta, ooru tí ó bá ti kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ti ń ni í lára. Ẹ gbé kéèjì sábẹ́ igi, tàbí kí ẹ ta àpò tútù sórí páànù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ihò. Ní ọdún 2000 àwọn onímọ̀ ará Dẹ́ńmáàkì méjì, Hansen àti Berthelsen, fi àwọn ehoro tí ó wà nínú kéèjì lásán wé àwọn tí kéèjì wọn ga sí i tí ó sì ní ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Àwọn tí kò ní ibi ìsápamọ́ ni ara wọn kò balẹ̀, àwọn ni wọ́n ń jẹ wáyà jù, àwọn ni wọ́n sì ń bẹ̀rù jù. Ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ehoro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ehoro méjì yẹ kí ó ní àyè tí ó gùn ní mítà mẹ́ta, tí ó fẹ̀ ní mítà méjì, tí ó sì ga ní mítà kan. Mo mọ̀ pé ẹni tí ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ní Àyọ̀bọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí yàrá òun náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Èmi náà kò ní i. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé páálí kan sínú kéèjì, mo gé ihò méjì sí i, ó di ihò ilẹ̀ fún un. Mo fi pákó tẹ́jú bo apá kan wáyà ìsàlẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má bó. Lẹ́yìn náà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ a dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n a sì tú ọ̀kan sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ó sáré, lẹ́yìn rẹ̀ èkejì. Wọ́n gbé ọpọ́n iyẹ̀pẹ̀ kan kalẹ̀ fún wọn láti máa gbẹ́. Ẹ wá wo bí abo yẹn ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn bí òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ kànga!

Ti akọ àti abo yàtọ̀. Bí akọ bá ń gbóòórùn abo láti ẹ̀yìn wáyà, tí kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí oúnjẹ tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ fi pákó dí àárín wọn, tàbí kí ẹ gbé wọn jìnnà síra. Dókítà ẹran lè tẹ akọ tí a kò fẹ́ fi bímọ lọ́dàá.

Ẹsẹ̀ lílù náà wà. Ehoro tí ó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, tí ó dákẹ́, tí ó tún lù ú, kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ará ihò pé ewu ń bọ̀. Ẹ tan iná wò ó. Ní ilé wa, ológbò ni lẹ́ẹ̀mejì, ejò kékeré lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa okùn rẹ̀ nígbà tí iná lọ. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun eré, nítorí egungun ehoro fúyẹ́, itan rẹ̀ sì lágbára. Bí ó bá ta gìrì tí ó tàpá sẹ́yìn nínú àyè híhá, ó lè ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn ara rẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ tí mo fi lu kéèjì ní òru ọjọ́ yẹn, oríire ni ó jẹ́ kí n má fi pa á.

Àìsàn náà a máa mi kéèjì. Bí ehoro bá ń gbọn orí tí ó sì ń fi etí gbá wáyà, ẹ wo inú etí; bí ẹ bá rí èépá tí ó nípọn, kúrúnà etí ni, kòkòrò kéékèèké ni ó ń fà á, abẹ́rẹ́ dókítà sì ń wò ó sàn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ya èépá náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé gìrì mú un tí ó ń tàpá, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú, èyí léwu. Irú àrùn bẹ́ẹ̀, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ehoro jẹ́, wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Kwara wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ehoro sì kú. Ẹ ya ìyókù sọ́tọ̀, ẹ má pín ẹran rẹ̀ jẹ, ẹ má sì tà á; ẹ pe dókítà ẹran.

Lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, ariwo kan ṣì kù, òun sì ni èyí tí àwa fúnra wa kọ́ ehoro. Ó mi kéèjì, a fún un ní ewé: ó ti mọ̀ pé wáyà ni aago tí a fi ń pe oníṣẹ́. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, fi eku tí ń tẹ irin kékeré nínú àpótí wádìí irú nǹkan báyìí, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1938. Ní ọdún 1957 òun àti Ferster tún gbé ìwé ńlá mìíràn jáde. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé ẹranko tí a ń fún ní oúnjẹ ní ìgbà gbogbo tí ó bá tẹ irin, kì í pẹ́ fi í sílẹ̀ bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí a fún lónìí tí a kò fún lọ́la, òun ni kì í fẹ́ jáwọ́. Ẹ rí i bí mo ti ba ti èmi jẹ́? Mo ń fún un ní òru kan, mo ń di etí ní òru kejì, ní òru kẹta ojú ìyá alákàrà á tì mí, n ó tún fún un. Mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di alágídí.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé mo ń ṣáájú rẹ̀. Koríko kún inú kéèjì kí n tó sùn, aago mẹ́fà àárọ̀ sì ni mo ń fún un ní ewé tútù, ó dákẹ́ ni o, ó pariwo ni o. Bí ó bá mi kéèjì kí ó tó di ìgbà náà, mo ń jáde lọ wò ó. Mo ń wo omi, mo ń wo ìlera rẹ̀, mo ń wo bóyá ológbò wà. N kò bá a sọ̀rọ̀, n kò fún un ní nǹkan kan, mo sì ń padà sùn. Bí mo bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo ń dúró kí ó kọ́kọ́ dákẹ́, ì báà ṣe ìwọ̀n ìgbà tí a fi lè ka ení dé ẹ̀wá.

Ẹ mọ̀ ṣáájú pé ariwo náà yóò le sí i fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ara dà á. Èmi bẹ gbogbo yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀je, mo sì ra ọṣẹ ìfọṣọ fún ìyá alákàrà. Mo tún lọ bá àwọn tí ń lẹ táyà ní ìta, wọ́n fún mi ní tíúbù àlòkù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo kàn án mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn kéèjì ti ń pàdé pákó, mo sì fi sábẹ́ ẹsẹ̀ kéèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá tilẹ̀ mì ín, kò dún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí aago mẹ́ta tó padà di ìgbà oorun ní ilé wa.

Ní ti abo, oyún ehoro kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Nígbà tí mo tún kó wọn pọ̀, ọmọbìnrin mi kọ ọjọ́ náà sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n a gbé àpótí pákó kan sínú kéèjì, a fi koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́, mo tún gbọ́ èékánná tí ń ha pákó ní kọ̀rọ̀. Mo dìde. Ọmọ mi ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀ jù. Abo náà wà nínú àpótí, ó ń fi ẹnu tu irun àyà ara rẹ̀, ó sì ń tẹ́ ẹ sórí koríko. A rọra padà wọlé. Ní òwúrọ̀ a ka mẹ́fà, wọ́n gbóná, wọ́n sì ń mira lábẹ́ irun ìyá wọn.